Abàmì Tí Mi Ò Jẹ́ Kó Kú

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mi ò wá gba oríyìn lọ́dọ̀ yín. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi lè bú mi, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ kà á dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ìgbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá. Ǹ bá má sọ ọ́ láé, bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ẹnìkan tó tòkè òkun dé gbé ìwé eré kan wá pé ká bá òun dì í, kò sì padà wá gbà á. Èmi àti Bíọ́dún tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Eré tí wọ́n ń fi ẹnu ṣe ni. Ẹnìkan á jẹ́ olùdarí, àwọn yòókù á jẹ́ akọni. Olùdarí á sọ pé ẹ ti wọ inú igbó, abàmì ẹranko kan yọ sí yín, kí lẹ fẹ́ ṣe? Ẹ ó ju dáìsì lúdò, iye tó bá já sí ni ẹ ó fi lu abàmì náà. Èmi ni olùdarí, torí èmi ni mo ka ìwé náà tán.

Iṣẹ́ olùdarí tó le jù ni kó mọ ìwọ̀n abàmì. Abàmì kọ̀ọ̀kan ní iye ẹ̀mí tirẹ̀. Bí akọni mẹ́rin bá jókòó, ẹ̀mí rẹ̀ á pọ̀. Bó bá jẹ́ méjì ló wá, olùdarí gbọ́dọ̀ gé e sí ìdajì. Bí kò bá gé e, ó ti pa wọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo máa ń ṣẹ́ páálí kan nà ró síwájú mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń fi pẹ́ńsù ka ẹ̀mí abàmì bó ṣe ń dín kù. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yọjú wo ẹ̀yìn páálí. Wọ́n fọkàn tán mi ni.

Ilé ìyá Ráṣídì ní Abúlé Òkúta la ti ń ṣe eré náà lọ́sàn-án Sátidé. Akọni mẹ́rin ni wọ́n: Ráṣídì, Bíọ́dún, àti àwọn ìbejì ọmọ Ìlàjẹ kan tí bàbá wọn ń pẹja lọ́sà ní Bariga.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Ráṣídì jẹ́, torí gbogbo ayé ló ń pè é ní èèyàn dáadáa lónìí. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Gbogbo ìgbà ló ń pariwo pé abàmì mi rọ̀. "Èyí náà, abàmì ni? Ẹ̀kọ tútù lo gbé síwájú wa yìí jàre." Bó ṣe di orúkọ mi nìyẹn. Ẹ̀kọ Tútù. Àwọn ọmọ kéékèèké fi ń kí mi lójú ọ̀nà. Ìyàwó ọ̀gá mi pè mí bẹ́ẹ̀ lójú àwọn oníbàárà. Ẹ má sọ fún mi pé àwàdà ni. Ẹni tí wọn ò fi ṣe ẹlẹ́yà rí ló ń sọ pé àwàdà ni. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì kórìíra rẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀kadà gbé Ráṣídì ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Wọ́n dì í fún un ní ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì, wọ́n ní kó má tíì tẹ̀ ẹ́. Ráṣídì ò gbọ́, bọ́ọ̀lù ń pè é. Eegun náà wọ́, ó sì jiná bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà ní kó padà wá, àwọn á tún eegun náà ṣẹ́, àwọn á sì tò ó bó ṣe yẹ, yóò rìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, àwọn ìbejì ò wá. Wọ́n ti bá bàbá wọn lọ sódò. Ráṣídì àti Bíọ́dún nìkan ló jókòó. Ráṣídì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé orí àpótí, ó kó dáìsì sọ́wọ́.

"Ẹ gbọ́ o," ó ní. "Tí mo bá pa abàmì tòní, Mọ́ńdè ni mò ń lọ Igbóbì, kí wọ́n lọ ṣe é. Tí mi ò bá rí i pa, á jẹ́ pé orí mi ò fọwọ́ sí i nìyẹn."

Ìyá rẹ̀ gbọ́ láti ilé ìdáná. "Wàá pa á láṣẹ Ọlọ́run!" ni obìnrin náà kígbe.

Ráṣídì ṣẹ́jú sí Bíọ́dún. "Ṣebí Ẹ̀kọ Tútù ló ń darí. Mo ti là á já."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí mi nínú. Ẹ̀mí ogójì ni mo ti kọ fún abàmì náà, torí mo rò pé èèyàn mẹ́rin ló ń bọ̀. Ó yẹ kí n gé e sí ogún. Pẹ́ńsù wà lọ́wọ́ mi. Mi ò gé e.

Akọni Bíọ́dún ò pẹ́ kú, kò tilẹ̀ rí abàmì náà lù. Ó ku Ráṣídì nìkan. Ó ní kí abàmì le, mo mú un le. Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, bóyá àwọn kan nínú yín á sì gbà pẹ̀lú mi.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kọ́ ni mo wá jẹ́wọ́. Ìyẹn kéré.

Dáìsì gba ti Ráṣídì lọ́jọ́ yẹn. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Mẹ́fà, mẹ́fà, márùn-ún, mẹ́fà, mẹ́fà, márùn-ún. Bíọ́dún dìde dúró. Mò ń yọ ẹ̀mí kúrò lẹ́yìn páálí. Ó ju dáìsì lẹ́ẹ̀kan sí i, mẹ́fà tún ni, ogójì sì pé. Abàmì tí a wọ̀n fún èèyàn mẹ́rin, òun nìkan ló pa á. Ó ti kú. Èmi nìkan ni mo mọ̀.

Ráṣídì ń wò mí lójú. "Ó kú àbí kò kú?"

Mo ní, "Ó ṣì dúró."

Ó tún lù ú. Mo tún ní ó ṣì dúró. Lẹ́yìn náà mo ju dáìsì ti abàmì, mo sì fi pa akọni rẹ̀.

Ráṣídì kó dáìsì sínú ife wọn, ó rọra gbé e kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ yọjú, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ráṣídì, ṣé o pa á?"

"Rárá, Màámi."

Obìnrin náà ti di aṣọ ọmọ rẹ̀ sínú báàgì sílẹ̀ de Mọ́ńdè, mo rí báàgì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Mo pinnu pé mo máa sọ fún un lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì mo ní ó di Mọ́ńdè. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, iṣẹ́ pósítà àwọn olóṣèlú ya wọ prẹ́ẹ̀sì, a ò rí ààyè mí. Irọ́ ni mò ń pa fún yín. Mo rí ààyè. Ohun tó dá mi dúró ni pé láti ọjọ́ Sátidé yẹn, kò sẹ́ni tó pè mí ní Ẹ̀kọ Tútù mọ́. Bíọ́dún ló lọ ròyìn fún gbogbo àdúgbò pé abàmì mi ò ṣeé kò lójú. Ó dùn mọ́ mi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó dùn mọ́ mi gan-an.

Ráṣídì ò lọ Igbóbì. Ó ń tiro títí di òní. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe wà nítòsí ilé ìyá rẹ̀, ìyá náà sì ti dolóògbé. A ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́. Ẹ má bi mí bó ṣe ṣeé ṣe.

Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Lọ́dọ̀ tiwa, èmi tí mo ṣu ò gbàgbé. Ẹni tó ń kó o ò tiẹ̀ mọ ẹni tó ṣu ú.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ kí i nílé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Morẹ́nikẹ́, fẹ́ lọ ṣe ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ọmọ tó mọ̀wé ni. Ráṣídì ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

"Àwọn tí wọ́n máa mú ò tó nǹkan," ó ní. "Níbi tí wọ́n bá ti ń yan èèyàn, wọn kì í yan tiwa. Orí ìdílé yìí kì í gbe èèyàn. Mo ti dán tèmi wò, mo rí èsì." Ó wá ń sọ ìtàn abàmì náà fún un, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń lu ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́pẹ́.

Ọmọ náà yíjú sí mi. "Ọ́ńkù, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ni pé Dádì mi ò rí i pa?"

Ọ̀nà là níwájú mi, ẹ̀yin èèyàn. Gbólóhùn kan péré ni. Mo gbé ohun mímu tó wà lọ́wọ́ mi sẹ́nu, mo mu ún, mo ní, "Lóòótọ́ ni, ọmọ mi."

Ó dìde, ó wọlé lọ.

Mi ò sùn láti ọjọ́ náà. Ti àkọ́kọ́, mo lè ní ọmọdé ló ń ṣe mí, wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Ti ọjọ́ Àìkú ńkọ́? Kí ni ọmọ yẹn fi ṣe mí? Kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Bí mo bá sọ fún ọmọ, bàbá á gbọ́. Bí mo bá sọ fún bàbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò kó tó wò mí, mi ò sì mọ bí ojú mi ṣe máa gbà á. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ náà á jókòó sílé. Ẹ fi mí bú tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ tètè dá mi lóhùn, torí Ọjọ́bọ̀ ni ìdánwò náà.