Kọ́kọ́rọ́ Àká Igi

[Afẹ́fẹ́ ń súfèé nínú fóònù, bí páìpù èéfín ahéré ìjọba orí òkè, tí ẹnikẹ́ni lè yá sùn, ṣe máa ń súfèé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó ti lé lógún ọdún tí Verla, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, pè mí láti orí òkè Montana lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Èmi ni Royce. Bí mo ṣe rántí ọ̀rọ̀ wa nìyí.]

VERLA: Ẹ̀lóò? Royce?

ROYCE: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o. Ara Bàbá ńkọ́, ṣé—

VERLA: Má kí mi. Ti ọwọ́ bọ àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ.

ROYCE: Kí ló wà níbẹ̀?

VERLA: Tì í bọ̀ ọ́ ná.

[Aṣọ ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́. Irin kan dún.]

VERLA: Mo gbọ́ ọ. Kọ́kọ́rọ́ àká igi ìdáná nìyẹn.

ROYCE: Háà. Mo gbàgbé ni. Mo ní mo máa fi kọ́ sórí ìṣó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn—

VERLA: O gbàgbé. Mo rí ohun tó o kọ sínú ìwé àlejò: "Ahéré dára. Eku pọ̀." O ráyè ka eku. Àpótí igi inú ilé ńkọ́? Kò sí ẹyọ igi kan nínú ẹ̀. Ta ló kọ́ ẹ pé kéèyàn kúrò níbẹ̀ láì la igi sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀?

ROYCE: Mò ń kánjú ni.

VERLA: Ò ń sá fún Bàbá ni. O mọ̀ pé ọ̀sán òní la máa dé, lo ṣe ti jáde láàárọ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

ROYCE: Mo gbọ́. Ẹ ṣa igi níta.

VERLA: Yìnyín ti bo gbogbo ẹ̀, ó rin gbingbin. Royce, ètè Bàbá ti ń ṣú. Ọwọ́ ẹ̀ ò lè di ife kọfí mú.

ROYCE: Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi ọkọ̀ nígbà náà.

VERLA: Máìlì mẹ́fà? Ẹni ọgọ́rin ọdún, pẹ̀lú àyà tó ń dùn ún?

ROYCE: Ẹ fi àáké fọ́ àgádágodo. Kí ló le níbẹ̀?

VERLA: Àáké wà lórí itan ẹ̀. Ó gbé àga síwájú ilẹ̀kùn àká, ó fẹ̀yìn tì í. Ó ní ohun ìjọba ni, ohun gbogbo ayé ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọ́ ọ lójú òun.

ROYCE: [ó rẹ́rìn-ín kíkorò] Ọdún mẹ́wàá ló ti fi iṣẹ́ ṣíṣọ́ igbó sílẹ̀. Ìjọba ò tiẹ̀ rántí orúkọ ẹ̀ mọ́.

VERLA: Royce—

ROYCE: Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀. Igi tútù kan ṣoṣo tófin ní ká má gé ni mo gé, kí òtútù má bàa pa mí, nínú ahéré yẹn kan náà. Ta ló kọ orúkọ mi fún ìjọba? Bàbá tó bí mi. Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Kó bá mi fi òfin ẹ̀ yáná.

VERLA: O ti sọ ọ́ tán?

ROYCE: Mi ò tíì sọ ọ́ tán.

VERLA: Inú ń bí èmi náà, má rò pé ìwọ nìkan ni. Orí kunkun kan náà lẹ̀yin méjèèjì jọ ní. Èmi ni mo ń gun òkè kí fóònù lè mú, ẹsẹ̀ mi ti kú sínú bàtà. Ṣé o gbọ́ mi?

ROYCE: Ohùn yín ń já. Ẹ tún un sọ.

VERLA: Mo ní Bàbá ní kí ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ jẹ́wọ́ lórúkọ ara ẹ̀. Tónítọ̀hún bá ti jẹ́wọ́, òun á dìde kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn.

ROYCE: Ẹ sọ fún un pé mo jẹ́wọ́.

VERLA: Ẹnu tèmi ò tó o. Ó fẹ́ fojú ara ẹ̀ kà á. Kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, kí n gbé e lọ bá a.

ROYCE: Ó kọ orúkọ mi nígbà kan, ó wá fẹ́ kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́ báyìí? Mi ò kọ nǹkan kan.

VERLA: Bá a ṣe dé, Bàbá ti ọwọ́ bọ inú eérú tó o fi sílẹ̀ nínú ààrò. Ó ní ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò tètè yọ ọwọ́ níbẹ̀ o, ó ń—

ROYCE: Ẹ̀gbọ́n mi?

VERLA: —oòrùn ti ń lọ— ṣé o gbọ́—

ROYCE: Mo gbọ́ yín. Kí ni Bàbá—

[Ìlà já.]

[Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹrin, kò wọlé. Mo wá kọ ọ́ ránṣẹ́: "Bàbá, èmi Royce Haugen ni mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Èmi ni mo ní kí ẹ fọ́ ilẹ̀kùn náà. Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún ìjọba. Ẹ dáná. Mò ń gbé àgádágodo tuntun bọ̀."]