Oríkì Tó Bọ́ Lẹ́nu Mi Níbi Ìpàdé Ìbà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń dùn mí, kí n tó sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó kọjá, Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá wa ní Òkòkòmáíkò, wọ́n ń nu fáànù kan tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Aṣọ ìpàdé wọn wà lára ìṣó, ìyá mi ti lọ̀ ọ́, fìlà wà lókè rẹ̀. Wọn ò wọ̀ ọ́. Àkókò ìpàdé àwọn ọmọ ìlú wọn, tí wọ́n máa ń ṣe nílé ìwé kan ní Ìbà Housing Estate, tó, ó sì kọjá, Bàbá ò dìde. Ọkùnrin tí kì í pa ìpàdé jẹ, tí ibà dá dùbúlẹ̀ nígbà kan, tí wọ́n ní kí n di àwọn lápá mú lọ! Èmi ni mo fà á. Ẹnu èmi yìí náà ni.

Bàbá kọ́ ló bí mi lọ́mọ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá tó bí mi, wọ́n sì ti kú kí n tó mọ bàtà ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Ìyá mi, tó ń ta òwú àti síìpù fáwọn télọ̀ ní Ìyànà Ìbà, ló fà mí lọ́wọ́ wọ ilé Bàbá. Ará Ọ̀yọ́ ni Bàbá, ọmọ Ìkòyí. Iṣẹ́ wọn ni wíwé kọ́ìlì fáànù ní Àlàbá. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, mi ò rí i kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ dá mi mọ̀ sí ọmọ ẹlòmíì. Bí mo bá ń ṣàìsàn, àwọn ló ń gbé mi wọ mọ́tò lọ sílé ìwòsàn. Bí mo bá ń ṣagídí, àwọn náà ló ń bá mi wí, tí wọ́n á tún ra búrẹ́dì wálé lálẹ́ kí n má baà sùn tìbínútìbínú.

Ohun kan ṣoṣo ni ìyá mi ò fi sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé obìnrin tó bá wọlé ọkọ, oríkì ilé ọkọ ló ń kọ́, òun náà ló sì ń fi kí ọmọ. Ìyá mi kọ́ ti Bàbá, ó fi ń kí Bàbá. Ṣùgbọ́n tí mo bá kúnlẹ̀ láàárọ̀, oríkì ilé bàbá tó bí mi ló ń kì fún mi: “Àbẹ̀ní, ọmọ Alágẹmọ, Ìjẹ̀bú ọmọ aláre.” Ó ní kí orúkọ òkú má baà run lórí ọmọ kan ṣoṣo tó fi sáyé. Bàbá ń gbọ́ ọ láràárọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá. Ọkùnrin mélòó ni yóò gbà bẹ́ẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀? Bàbá ò sọ̀rọ̀ sí i rí.

Nígbà tó yá, mo parí OND ní pọlí kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn, yunifásítì níhìn-ín ní Ọ̀jọ́ sì gbà mí wọlé. Ọdún kejì ni èmi yóò ti bẹ̀rẹ̀, èyí táwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní dáírẹ́ẹ̀tì ẹ́ńtìrì. Ìdùnnú ṣubú layọ̀ nílé wa. Àmọ́ níbo la ti máa rówó? Àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ wé kọ́ìlì fáànù mọ́. Tó bá ti jó, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á ra èyí tó ń lo sólà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá sikọ́láṣíìpù kiri. Àwọn kan ní akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní làwọn ń ràn lọ́wọ́. Àwọn yòókù ní ẹni tó bá ti ṣe ìdánwò yege nínú yunifásítì náà ni. Èmi tó ti pọlí sọdá wá ńkọ́? Mi ò sí níbẹ̀. Èmi kì í ṣe àlejò, mi ò sì tíì di onílé. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní níbi táwọn bá wà, onílé ni mí.

Bí wọ́n ṣe mú mi lọ bá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn nìyẹn. Ẹgbẹ́ náà máa ń ran ọmọ ìlú lọ́wọ́, ọdún yòówù kó wà ní yunifásítì, bó bá ṣáà ti jẹ́ ọmọ wọn. Bàbá ti sọ fún wọn pé ọmọ àwọn ni mí, lójú tiwọn kì í sì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà ní àṣà kan. Nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó tí wọn ò mọ ilé mọ́, ẹni tó bá fẹ́ ìrànwọ́ gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ níwájú àwọn àgbà, kó fi oríkì ilé kí bàbá rẹ̀. Bàbá fi gbogbo ọ̀sẹ̀ náà kọ́ mi lóríkì Ìkòyí. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n débi pé mo ń kì í lójú àlá.

Ọjọ́ pé, mo kúnlẹ̀. Màmá tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ ní kí n kí bàbá mi. Mo gbójú sókè, mo rí Bàbá tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi tìfẹ́tìfẹ́. Mo la ẹnu. Ohun tí mo ń gbọ́ láti kékeré ló bọ́ síta: “Ọmọ Alágẹmọ, Ìjẹ̀bú ọmọ aláre.” Háà! Ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn pé ìgbà wo ni Alágẹmọ dé ìlú àwọn. Màmá alága ò bínú o, wọ́n rọra béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ọmọ mi, ilé bàbá rẹ lo kì yẹn?”

Bàbá ló dìde. Wọ́n ní, “Ẹ má bi í mọ́, èmi ni kẹ́ ẹ bi. Kò tíì mọ bàtà wọ̀ tó fi wọ ilé mi. Ilé ta lẹ tún fẹ́ kó jẹ́?”

Ẹgbẹ́ ní òfin lòfin, ọmọ bíbí nìkan làwọn ń ràn lọ́wọ́. Àwọn kan tiẹ̀ sọ pé Bàbá fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ. Wọ́n máa ń sọ pé ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú ló fi ń gbà á. Ojú mi báyìí ni Bàbá ṣe fi iwájú gba ọfà ọjọ́ náà. A rìn dé Ìyànà Ìbà, wọ́n ra gúgúrú fún mi, wọ́n ní, “Ìjẹ̀bú yìí, o ò tiẹ̀ lè bá mi jẹ́ ọmọ Ìkòyí fún ọ̀sán kan péré.” Mo rẹ́rìn-ín, mo bú sẹ́kún. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí ju bí ẹnu ṣe lè sọ lọ.

Látọjọ́ náà ni Bàbá ò ti lọ sí ìpàdé mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le rèé. Ẹgbẹ́ ti ránṣẹ́ pé àwọn yóò ràn mí lọ́wọ́, àwọn yóò sì ka ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Bàbá sí èyí tó tán, bí mo bá lè lọ búra ní kóòtù pé orúkọ Bàbá ni mo ń jẹ́ báyìí, kí n fi ti ẹni tó bí mi sílẹ̀. Tí mi ò bá sanwó kóṣù yìí tó parí, yunifásítì á gba àyè mi fún ẹlòmíì. Ìyá mi sunkún, ó ní ohun tí mo bá yàn, òun fara mọ́ ọn. Èmi ti múra àtilọ. Bàbá ló kọ̀. Wọ́n pè mí jókòó, wọ́n ní, “Àbẹ̀ní, ẹni tó bí ọ, orúkọ nìkan ló kù fún un láyé. Má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí tèmi. Èmi ní tèmi, ìwọ gan-an ni mo ní.”

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ etí ikún sí ọ̀rọ̀ Bàbá, kí n gba orúkọ wọn, kí n lè kàwé, kí àwọn náà lè padà sáàárín èèyàn wọn? Àbí kí n gbọ́ tiwọn, kí n pàdánù yunifásítì? Láàárọ̀ yìí mo kúnlẹ̀ kí ìyá mi bí mo ṣe máa ń ṣe. “Àbẹ̀ní, ọmọ Alágẹmọ,” ló wí. Láti ibi àlùwàlá, Bàbá tí ò sọ̀rọ̀ sí i rí gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n ní, “Ọmọ ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí.” Mo jẹ́ méjèèjì. Ṣùgbọ́n kóòtù, ẹyọ kan ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi.