Òdòdó Bàbá Ìbejì

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo ń ti oko ọ̀nà Tápà ru iṣu wálé, ohunkóhun tó bá ta lábẹ́ ilẹ̀, jíjẹ ni. Iṣu, ọ̀dùnkún, ẹ̀gẹ́... jíjẹ ni. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, ohun tí mo mọ̀ nìyẹn kí bàbá yín àgbà tó ti Jọ́ọ̀sì dé.

Wọ́n lọ kí Táíwò, ọmọ wa, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n gbé àpò kan bọ̀. Mo yẹ inú rẹ̀ wò, ó dà bí ọ̀dùnkún. Mo gbé omi kaná. Ni wọ́n bá figbe ta: "Ìyá Ìbejì, má sè é o! Òdòdó ni. Dálíà lorúkọ rẹ̀."

Òdòdó kẹ̀? Àgbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí koríko kan ṣoṣo yọjú láàárín ebè?

Wọ́n gbìn ín sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ọyẹ́ dé, tí ewé rẹ̀ rọ, wọ́n hú u, wọ́n gbọn yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù, wọ́n rì í sínú iyanrìn gbígbẹ, ó di inú àká, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèbù iṣu! Ìyá ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere, wọ́n ní, "Ohun tí a kì í jẹ, tí a kì í tà, kí ló ń wá nínú àká?" Bàbá Ìbejì kàn rẹ́rìn-ín ni. Òjò àkọ́rọ̀ dé, wọ́n tún gbìn ín. Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́dọọdún.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n pè mí. "Wá wò ó." Mo lọ. Ó pupa yòò, ó tóbi tó àwo ọbẹ̀. A dúró. Wọ́n ń wò ó. Èmi náà ń wò ó. Ẹ bá mi rò ó... kí la ń wò gan-an?

Nínú òjò èṣí ni Bàbá Ìbejì dágbére fáyé. Ọyẹ́ dé. Kẹ́hìndé ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí òdòdó yẹn gbẹ síbẹ̀, ẹ sinmi." Mo ní ó dáa. Àfi bí mo ṣe bá ara mi lórí ìkúnlẹ̀, tí mo ń fọwọ́ hú u. Kí ló gbé mi débẹ̀? Mo rì í síyanrìn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Nígbà tójò dé, mo tú u wò: ó ti gbẹ háúháú, àfi ẹyọ kan tó yọ ojú bíńtín. Ìyẹn ni mo gbìn. Òun ló tanná níta yẹn.

Àwọn ọlọ́kadà a máa dúró. "Màmá, kí lèyí wà fún?" Kí ni kí n wí? Ṣé èmi ni wọ́n gbìn ín fún ni? Àbí fún ojú tiwọn nìkan? Nígbà tiwa, ọkọ kì í sọ irú ẹ̀... Ẹ̀yin òde òní, orí fóònù lẹ ti ń sọ ọ́ láàárọ̀, lálẹ́: "Mo fẹ́ràn rẹ, mo fẹ́ràn rẹ." A máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Bóyá ẹ̀yin lẹ gbọ́n jù wá lọ... tàbí ẹ ò gbọ́n, mi ò mọ̀ mọ́.

Ohun tí ẹ bá fẹ́ bi ẹnì kejì yín, ẹ bi í nígbà tó ṣì lè dáhùn. Láàárọ̀ yìí, mo dúró ti òdòdó yẹn, mo ní, "Bàbá Ìbejì, ta lẹ gbìn ín fún?"

Hùn... Atẹ́gùn ló ń fẹ́.