Kọ̀ǹpútà Ló Yí Padà

Mo wà lórí ìlà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní Creek Road, nígbà tí bàbá kan tó ń báni kílíà ẹrù ní pọ́ọ̀tù ń bá obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, mo tan kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa láàárọ̀, gbogbo ojú ẹ̀ ti yàtọ̀. Mo wá àwọn fáìlì mi títí, mi ò rí wọn. Ẹ̀rù bà mí. Báyìí ni ìgbàgbé ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀."

"Rárá o, sà. Àpdéètì tuntun ló yí ojú àwọn kọ̀ǹpútà padà. Èmi náà wá fáìlì tèmi lánàá, ó kù díẹ̀ kí n sunkún. Ẹ̀yin ò yí padà, kọ̀ǹpútà ló yí padà."

Bàbá ní, "Jọ̀ọ́, tún un sọ."

Ó tún un sọ. Bàbá mí kanlẹ̀, ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Ó dáa. Fi ibi tí wọ́n kó àwọn fáìlì lọ hàn mí lórí tìrẹ."