Máàkì Mẹ́rin

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí àga ò kárí, tẹ́ ẹ fara ti ògiri, ẹ kú ìdúró. Gbogbo wa, ẹ kú ará-fẹ́ra-kù. Ìyàwó wa, ẹ kú àṣẹ̀yìndè.

Wọ́n ní kí n wá dágbére fún olóògbé nítorí pé èmi ni mo bá a jókòó pẹ́ jù. Òótọ́ ni. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n la fi lo tábìlì kan náà nínú yàrá àwọn tíṣà, òun lápá fèrèsé, èmi lápá ilẹ̀kùn. Àwa méjèèjì la ń kọ́ kíláàsì àṣekágbá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: bí wọ́n ṣe máa kàwé kó yé wọn, bí wọ́n ṣe máa kọ lẹ́tà, bí wọ́n ṣe máa kọ àròkọ tí èèyàn á kà tí kò ní sùn lọ.

Mo ti ń gbọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ láti ìgbà tí mo ti wọlé. Ẹ ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ẹ ní kò bínú rí. Ta lẹ̀ ń sọ? Ṣé inú pósí yìí náà lẹ wò, àbí ẹ ti ṣìnà wọ ilé olókùú mìíràn? Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ẹ jẹ́ ká fi irọ́ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́ òní. Ọkùnrin yìí burú.

Ó burú débi pé àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Kà-á-tán. Ọmọ á nawọ́ sókè láti dáhùn ìbéèrè lórí àkàyé, á ní kó lọ kà á tán. Ọmọ á ní òun ti kà á, á ní irọ́ ni, kò kà á tán. Tẹ́ ẹ bá sì wádìí ẹ̀, ọmọ ọ̀hún ò ní tíì kà á tán lóòótọ́. Ó ní ẹni tí kò bá ka ìwé dé òpin kò gbọ́dọ̀ lanu sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, kódà kó jẹ́ bébà ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ géètì. Tó bá di ọ̀rọ̀ ìwé kíkọ, ó tún ní tiẹ̀. Á ní kó o tó fi bíírò kan bébà, sọ ẹni tó máa kà á fún òun. Tó o bá ní o ò mọ̀, á ní kó o gbé bíírò sílẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó gbé bíírò sílẹ̀ fún odidi wákàtí kan, tí omi ń dà lójú ẹ̀.

Èmi ní tèmi, Ó-ti-tó ni wọ́n ń pè mí. Bí ọmọ bá ti kọ ojú ewé kan àbọ̀, tí ọwọ́ ń ro ó, mo máa ń ní ó ti tó. Àwọn ọmọ fẹ́ràn mi gan-an. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn fún mi.

Pirinsípà wa àtijọ́ wà níbí. Mo rí yín, sà, ẹ máa jókòó. Ṣé ẹ rántí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ fún ọjọ́ ìfẹ̀yìntì yín? Ojú ewé mẹ́sàn-án. Ẹ ní kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yẹ̀ ẹ́ wò lóòótọ́. Ó fún yín ní mọ́kànlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó yàrá tíṣà, ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ pé ẹni tó kọ èyí ò mọ àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, sà, àmọ́ ẹ já a kúrò lára pátákó kí aago tó lù.

Obìnrin tó wọ awò ojú lọ́hùn-ún yẹn, má wolẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ náà máa kàn. Nígbà tó dé kíláàsì àṣekágbá, kò mọ̀wé kà. Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ bá kà sókè ló ń há sórí, ó ti ń bá a bọ̀ láti ọdún pípẹ́, kò sẹ́ni tó fura. Èmi ń fún un ní máàkì ní tèmi. Kà-á-tán ló ká a mọ́. Ó dorí ìwé kodò, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ọmọ náà sì ń kà á lọ geerege. Ó mú un lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó àwọn àga tó kán sí, ó ní, "Ìwọ kì í ṣe òmùgọ̀, òpùrọ́ ni ẹ́. Irọ́ yẹn la máa kọ́kọ́ wò sàn." Oṣù mẹ́jọ gbáko, lójoojúmọ́ tí ilé-ìwé bá jáde. Ọmọ ń sunkún, òun ń wo aago. Lónìí, ilé-iṣẹ́ ńlá kan wà tí ọ̀gá ibẹ̀ kì í buwọ́ lu ìwé àdéhùn àyàfi tí obìnrin yìí bá ti bá a kà á. Oore nìyẹn. Ẹ wá bi í bóyá ó dùn nígbà tó ń gbà á.

Ó dáa, ẹ ti rẹ́rìn-ín díẹ̀. Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Mo fẹ́ sunkún ara mi báyìí, ẹ ó sì jókòó gbọ́ ọ.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ló jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, tó gbé báàgì sẹ́bàá ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Ẹ má yíjú wò ó, ẹ̀yin náà. Láti ọ̀sán tó ti dé, ìyá ẹ̀ nìkan ló kí. Ọdún mọ́kànlá ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé yìí. Ìlú mìíràn ló wà, iṣẹ́ ọ̀dà títì ló ń ṣe, ẹ sì mọ bí oòrùn ṣe ń ṣe àwọn tó ń ṣe é. Nígbà tí àìsàn gbé baba ẹ̀ dè sí ọsibítù, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìyá ẹ̀ pè é lórí fóònù. Ọmọ ní ẹni tó fi òun sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò òun, òun náà á fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ tiẹ̀.

Ẹ̀yin aládùúgbò, mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa ń sọ. Ẹ ní Kà-á-tán féèlì ọmọ bíbí inú ara ẹ̀ kí ayé lè máa pè é ní olódodo. Níwájú mi lẹ ti máa ń sọ ọ́. Mo máa ń mi orí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń mi orí yẹn.

Kì í ṣe òun. Èmi ni.

Kí lẹ̀ ń kùn fún? Ẹ jẹ́ kó yé yín. Nílé-ìwé wa, kí ọmọ tó lè jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá, ó gbọ́dọ̀ gba àádọ́ta nínú ìdánwò ìgbáradì lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò bá gbà á, wọn ò ní fi orúkọ ẹ̀ ránṣẹ́ rárá. Lọ́dún náà, ọmọ tiẹ̀ àti ọmọ tèmi jọ wà ní kíláàsì kan. Ó ní baba kì í ṣe adájọ́ ọmọ ẹ̀. Ó gbé ìwé ọmọ ẹ̀ fún mi kí n máàkì ẹ̀, ó gba ti ọmọ mi. A jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú pirinsípà pé a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni ẹni tó máàkì ìwé ta.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tá a pààrọ̀ ìwé yẹn, bá a ṣe ń palẹ̀ mọ́, ó sọ ọ́ kí gbogbo yàrá tíṣà lè gbọ́ pé ọmọ mi ò mọ̀wé kọ. Òótọ́ ló sọ, ìdí nìyẹn tó fi dùn mí wọ egungun. Mo délé, mo jókòó, mo bá ara mi sọ ọ́ pé ọkùnrin yìí máa féèlì ọmọ mi, kò sí àní-àní. Tó bá máa féèlì tèmi, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ féèlì tiẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Èmi Ó-ti-tó, tí mi ò féèlì ọmọ ẹnikẹ́ni rí. Mo ṣí ìwé ọmọ ọ̀rẹ́ mi, mo ka ojú ewé àkọ́kọ́, mo rí i pé ó ń gbàgbé lẹ́tà nínú ọ̀rọ̀, mo pa ìwé dé. Ojú ewé mẹ́rin ló kọ. Ọ̀kan ni mo kà. Mo fún un ní mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mo ronú sí iye yẹn dáadáa o, kó má kéré jù, kí wọ́n má baà fura.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n jókòó. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, tí mo bá jókòó báyìí, mi ò ní lè dìde mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ìdí ìwé ńlá tá à ń kọ èsì sí. Yíǹkì ni mo fi kọ ọ́, wọn kì í sì í pa nǹkan rẹ́ nínú ìwé yẹn. Nígbà tó dé, ó kọ ti ọmọ mi: méjìléláàádọ́ta. Ó ní ọmọ mi ya òun lẹ́nu, pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun kà á kó tó dá òun lójú pé ó yege. Ó wá rí ohun tí mo kọ síwájú orúkọ ọmọ tiẹ̀. Ó gbé ìka lé e.

Ó bi mí pé, "Ṣé o kà á tán?"

Mo ní, "Mo kà á tán."

Gbogbo ohun tí mo ṣe láyé, ẹ̀yin èèyàn, kò sí èyí tó burú tó ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn. Mo lè ní kó gbé ìwé náà wá kí n tún un kà, ká jọ lọ bá pirinsípà. Máàkì mẹ́rin péré. Àwọn ọmọ tó ń sùn níwájú mi, mo ti fún wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ló tì mí. Mo dákẹ́, ó gbé báàgì ẹ̀, ó lọ sílé, ó lọ sọ fún ọmọ pé kò yege. Ọmọ bi í bóyá òun ló máàkì ẹ̀. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́, kò dáhùn. Ọmọ ka ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, ó kó aṣọ ẹ̀, ó lọ bá arákùnrin ìyá ẹ̀, kò sì padà mọ́. Ọmọ tèmi ṣe ìdánwò, ó wọ yunifásítì, ó di lọ́yà. Òun ló ra aṣọ tí mo wọ̀ yìí fún mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ìyàwó wa pè mí pé kí n wá bá òun tú àpótí ìwé olóògbé. Nísàlẹ̀ pátápátá ni mo ti bá ìwé ìdánwò ọmọ ẹ̀ yẹn. Òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni òkú yìí kọ máàkì tiẹ̀ sí: mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó kọ ọjọ́ tó máàkì ẹ̀ síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ọmọ ti lọ, tí wọ́n ti fi orúkọ ránṣẹ́ tán. Ó mọ̀. Láti ìgbà yẹn ló ti mọ̀, tó ń bá mi jókòó sídìí tábìlì, tó ń na páálí ṣọ́ọ̀kì sí mi láràárọ̀, títí àìsàn fi gbé e kúrò níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló wá yé mi ìdí tí kò fi gbé ìwé kankan fún mi máàkì mọ́. Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń ṣe é.

Ìyàwó ẹ̀ ti dúró lẹ́yìn mi, ó ti rí máàkì méjèèjì, ó sì mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, àbí kí n sọ ọ́. Ẹ mú ọ̀kan." Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ogún.

Mo wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo kà á tán. Ìbéèrè ọ̀hún ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹnì kan tí wọn ò lè bá sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ọmọ yìí kọ ọ́ sí baba ẹ̀. Lédè Gẹ̀ẹ́sì ló kọ ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó yé gbogbo wa. Ojú ewé kejì ló wà: "Bàbá mi, ẹ kì í bá mi sọ̀rọ̀ nílé, àfi tẹ́ ẹ bá ń tún ohun tí mo kọ ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí. Tó bá dé ọwọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí." Mo wá àṣìṣe nínú ẹ̀. Kò sí.

Ó dé ọwọ́ ẹ̀, kò sì pe ọmọ. Bébà méje ló wà láàárín ìwé náà, "Ọmọ mi" ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tó kọjá ìlà márùn-ún, ó sì fi bíírò pupa fa ìlà gba inú gbogbo wọn. Èèyàn tó kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní lẹ́tà kíkọ ò lè kọ ẹyọ kan parí sí ọmọ ẹ̀. Mo ti ní ó burú. Àbí ẹ rò pé eré ni mò ń ṣe?

Ìwọ tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí, ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Mi ò ní kó o wojú mi. Èmi ni mo féèlì ẹ. Baba ẹ mọ̀, ó dákẹ́, ó pa ẹ̀jẹ́ ẹ̀ mọ́, kò pa ọmọ ẹ̀ mọ́. Má wá lọ sọ ọ́ di ẹni mímọ́ nítorí ohun tí mo sọ yìí. Ìkórìíra tó o ti ń kó lé e lórí láti ọjọ́ yìí, pín in. Gbé èyí tó pọ̀ fún mi, kó o ṣẹ́ díẹ̀ kù fún òun náà, ó tọ́ sí i. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi tí mo ṣu ò gbàgbé fún ọjọ́ kan, mo sì ń jẹun, mo ń sùn. Ìwé ẹ rèé. Wá gbà á.

Ó ń bọ̀. Ẹ yẹra fún un. Ẹ má dì í mú, ẹ má sì bá mi bẹ̀ ẹ́, mi ò rán yín.

Gbà. Bébà méje yẹn náà wà nínú ẹ̀, tìẹ ni gbogbo ẹ̀.

Kò wo ojú mi. Kò wo inú pósí. Ó dáa, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ìyàwó wa náà ti dìde. Ẹ tẹ̀ lé e, ó tọ́ bẹ́ẹ̀, àwa á jókòó ti òkú. Èèyàn méjì péré ló yẹ kí n bẹ̀ láyé yìí. Ọ̀kan ò lè gbọ́ mọ́, èkejì ò sì fẹ́ gbọ́.

Ọ̀rẹ́ mi, máa lọ. Kí ọ̀nà ẹ tẹ́jú, kí ẹsẹ̀ ẹ má kọ. Ó dojú àlá, tó bá ṣì wù ẹ́ láti rí mi. Tó o bá dé ọ̀hún, tí wọ́n bi ẹ́ pé ọmọ ẹ dà, má dákẹ́ mọ́. Dárúkọ mi.