Ilẹ̀kùn Ẹ̀rọ Tí Mo Fi Wáyà Dè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, mo ní ọ̀rọ̀ kan nínú tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyàwó mi kò mọ̀. Olùṣọ́-àgùntàn ìjọ wa kò mọ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń gbé e kiri, ó sì ti mọ́ mi lára débi pé mo máa ń gbàgbé nígbà mìíràn pé ẹrù ni. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ọmọbìnrin kan fẹ́ ṣe ìrìbọmi nítorí mi, kò sì mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Èmi ni olùkọ́ kíláàsì àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ní ìjọ wa lágbègbè Ọ̀gbà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń rán an wá kó tó wọ omi. Mo máa ń kọ́ wọn bí a ṣe ń gbé àgbélébùú, bí a ṣe ń sẹ́ ara ẹni, bí a ṣe ń dárí ji ọmọnìkejì. Mo mọ̀ ọ́n kọ́, kí n má purọ́. Ẹnu mi dùn. Ìyá mi tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú máa ń sọ pé ká ní ọjà ni mò ń tà, ǹ bá ti ta ilé onílé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òṣìṣẹ́ ni mí ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti abọ́ rọ́bà. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá ni a máa ń dúró tì. Ẹ̀rọ náà á yọ́ rọ́bà, á pa ẹnu dé, á sì tẹ̀ ẹ́ di bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ní ilẹ̀kùn kan níwájú. Bí ẹ bá ti ṣí ilẹ̀kùn yẹn, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró, kí ẹ lè ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ láti yọ ohun tó bá há.

Ṣùgbọ́n ìdúró yẹn máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, iye bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ọ̀gá ń retí kò sì kéré. Nítorí náà, àwa tí ọwọ́ wa yá máa ń fi wáyà kékeré de bọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ẹ̀rọ lè rò pé ilẹ̀kùn ṣì wà ní pípadé. Ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́ lọ, àwa náà á máa sáré yọ ohun tó há kó tó pa ẹnu dé. Ilé-iṣẹ́ kò fọwọ́ sí i. Gbogbo wa la mọ̀, gbogbo wa la sì ń ṣe é.

Pásítọ̀ ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kì í ṣe pásítọ̀. Èmi ni mò ń darí àdúrà àwa Onígbàgbọ́ lọ́jọ́rú, lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, ní àkókò ìsinmi ọ̀sán. Ẹ̀rọ ní tirẹ̀ kì í sinmi, torí náà ẹni tó bá fẹ́ lọ gbàdúrà ní láti wá ẹni tó máa bá a dúró.

Múfútáù ló máa ń bá mi dúró. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Mùsùlùmí ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lọ rọ́bà tó bàjẹ́ kúnná ló ti ń ṣiṣẹ́. Èmi náà máa ń bá a wo tirẹ̀ bó bá fẹ́ lọ kírun. Kò sí ìjà ẹ̀sìn láàárín wa, yẹ̀yẹ́ la máa ń fi ara wa ṣe. Á ní, "Pásítọ̀, ẹ má pẹ́ o, Jésù náà mọ̀ pé a ní táàgẹ́ẹ̀tì."

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo ti pẹ́. Àwọn ará ti bẹ̀rẹ̀ orin. Mo kàn sọ fún Múfútáù pé, "Bá mi wò ó, mò ń bọ̀," mo sì sáré lọ. N kò sọ fún un pé mo ti fi wáyà de bọ́tìnnì. Mo gbàgbé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ níbí yìí, mo gbàgbé ni. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an wà ṣì ń bọ̀ níwájú.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan há. Múfútáù ṣí ilẹ̀kùn bó ṣe yẹ kí ènìyàn ṣí i, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ kò dúró. Orí àdúrà ni mo wà tí mo ti gbọ́ igbe rẹ̀. Ìka mẹ́ta ló bá a lọ.

Lọ́jọ́ kejì, máníjà pè mí sí ọ́fíìsì. Wáyà náà wà lórí tábìlì rẹ̀. Ó bi mí pé ṣé wáyà yìí ti wà níbẹ̀ kí n tó kúrò nídìí ẹ̀rọ. Mo ní, "Rárá, sà."

Ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní ọmọ nílé ìwé, ẹni tí wọ́n bá sì ká wáyà mọ́ lọ́wọ́, lílé ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni mo rò. Èmi ni Pásítọ̀. N kò mọ ojú tí mo máa fi padà síbi àdúrà yẹn bí mo bá sọ òótọ́. Nítorí pé n kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé Onígbàgbọ́ lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, mo ṣe èyí tó burú jù ú lọ.

Wọ́n ní Múfútáù ló de ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ó ní òun kò de nǹkan kan, wọn kò gbà á gbọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló wà tí wọ́n fi lé e, láìsí gbà-máà-bínú kankan. Ẹnì kan tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé nígbà tí wọ́n ròyìn fún Múfútáù ohun tí mo sọ fún máníjà, ó ní, "Bí Pásítọ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹlòmíì ló wá dè é lẹ́yìn wọn. Pásítọ̀ kì í purọ́."

Mo mọ ìtàn Pétérù dáadáa, mo ti fi í wàásù lọ́pọ̀ ìgbà. Pétérù sẹ́ Olúwa rẹ̀, ó sì jáde lọ sunkún kíkorò. Èmi kò sunkún. Mo lọ jẹun.

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ẹ̀rọ tí mò ń lò gé ènìyàn lọ́wọ́. Mo ní èmi ni ìbá jẹ́, ṣùgbọ́n Ẹ̀mí Mímọ́ ní kí n dìde lọ gbàdúrà. Ìjọ pariwo halelúyà. Wọ́n dá orin, a jó, èmi ni mo sì wà níwájú. N kò tíì lọ wo Múfútáù nílé ìwòsàn lásìkò tí mò ń jó yẹn.

Ẹ̀rí yẹn ló gbé orúkọ mi jáde. Wọ́n ní kí n wá sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n ní kí n sọ ọ́ níbi ìsọjí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mí ṣe olùkọ́.

Mo padà lọ ń wo Múfútáù nílé rẹ̀ ní Agége. Mo gbé iṣu lọ, mo gbé ìrẹsì lọ nígbà ọdún Iléyá. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, mo bá a wá iṣẹ́ máígádì ní Ìkẹjà GRA lọ́dọ̀ ọmọ ìjọ wa kan. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Mo ní kó dìde, mo ní kó fọpẹ́ fún Ọlọ́run. Àwọn ènìyàn ń sọ pé irú mi ṣọ̀wọ́n. Díẹ̀díẹ̀, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n gbọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Opebi dara pọ̀ mọ́ kíláàsì mi. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Rúkáyà. N kò dá a mọ̀, torí ọmọdé ni nígbà tí mo rí i kẹ́yìn. Mo máa ń bi àwọn tuntun pé kí ló mú wọn wá. Ó ní Mùsùlùmí ni bàbá òun, kì í fi ìrun márààrún ṣeré, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń sọ fún àwọn nípa Onígbàgbọ́ kan níbi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Nígbà tí gbogbo ènìyàn sá fún un, ọkùnrin yìí nìkan ni kò sá. Ó ní òun fẹ́ mọ Ọlọ́run tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń sìn.

Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì. Ó ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Ọmọ Múfútáù ni mí. Ẹ máa ń ra bísíkíìtì wá fún mi."

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ẹ̀kọ́ wa lọ́jọ́ náà ni bí a ṣe ń dá ọmọ-ẹ̀yìn Kristi tòótọ́ mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú mọ́, pé àwọn ti rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ṣí Bíbélì, mo sì kọ́ wọn dé ìparí, ohùn mi kò gbọ̀n rárá. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù nígbà tí mo délé.

Mo ti ń sọ fún àwọn ènìyàn láti ọjọ́ pípẹ́ wá pé ọmọ-ẹ̀yìn ni ẹni tó ń tẹ̀lé Jésù. Mo wá rí i pé èmi ni ọmọ yìí ń tẹ̀lé, ibi tí mo sì ń mú un lọ kò yé èmi alára.

Rúkáyà kò tíì sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Ó bẹ̀ mí kí n bá òun sọ ọ́, pé bàbá òun kò ní gbọ́ ti ẹlòmíì. Mo gbà. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ tí mo máa jẹ́wọ́ nìyẹn. Mo gbààwẹ̀ lé e lórí.

Mo lọ sí Agége lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá. Inú Múfútáù dùn débi pé ó nu àga kó tó ní kí n jókòó. Ó gbé omi tútù fún mi, ọwọ́ òsì ló fi gbé e. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì gbé nǹkan fún àgbà. Ó tẹrí ba, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má bínú o, ọwọ́ òsì ni. Ẹ mọ̀ pé ọ̀tún yẹn ò lè di nǹkan mú dáadáa mọ́."

Ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Mo gba omi náà, mo ní kò burú, mo sì mu ún.

Mo la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ mi, ti Rúkáyà ló jáde. Mo rí i pé ó dun Múfútáù, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń mú ọmọ náà lọ sí ilé kéwú nígbà tó wà ní kékeré. Nígbà tó yá, ó ní, "Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíì ló wá bá mi sọ èyí, ìjà ni ì bá dà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó dà bíi yín."

Mo ní, "Àmín." Mo dìde, mo sì lọ sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ìrìbọmi náà ku ọ̀sẹ̀ méjì, èmi ni Rúkáyà sì ní kí n dúró ti òun nínú omi. Bí mo bá sọ òótọ́, ó lè rò pé irọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ́ òun, kó sì padà lẹ́yìn Jésù. Bí n kò bá sọ ọ́, a jẹ́ pé mo ba ọwọ́ bàbá rẹ̀ jẹ́, mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tún fi irọ́ kan náà gba ọmọ rẹ̀. Ìtìjú tèmi kọ́ ni mò ń rò mọ́. Ó yẹ kí ojú ti tì mí tipẹ́.

Ṣé bàbá ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ni, àbí ọmọ? Àbí kí n dìde níwájú ìjọ níbi tí mo ti jẹ́ ẹ̀rí yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí, kó gbà mí nímọ̀ràn. Kí ẹ má kàn dá mi lóhùn pé Ọlọ́run ti dárí jì mí. Ohun tí èmi náà máa ń sọ fún àwọn ènìyàn nìyẹn. Ẹni tí mo ṣẹ̀ kò tíì mọ̀ pé mo ṣẹ òun.