Iṣẹ́ tí Wọ́n Rán Mi sí Dayọ̀

Òtítọ́ tí mo gbé mì lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ti há mi lọ́fun. Bí mo bá tún dákẹ́, yóò pa mí. Èmi Dorothy Ọmọ́yẹlé, nọ́ọ̀sì, tí ẹ ń pè ní ìyá àwọn aláìsàn ní ìjọ wa ní Uptown, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ojú Dayọ̀ rí ná.

Ìjọ wa kì í lé èèyàn. Obìnrin ni pásítọ̀ wa, Juliana, ọmọ Chicago níbí. Àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn ń sùn nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, a sì ń ṣe ìwọ́de láàárín ìlú nítorí àwọn èèyàn dúdú South Africa. Dayọ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń tẹ dùùrù fún wa, ló mú mi débẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, tí mi ò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, oṣù mẹ́ta ni mo fi gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èmi ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, òun ń sùn sílẹ̀, kò sì fi ìlọ̀kulọ̀ lọ̀ mí rí.

Lọ́dún 1986, àrùn éèdì mú un. Nígbà yẹn, bí èèyàn bá dárúkọ àìsàn náà, àwọn mìíràn á sún àga wọn sẹ́yìn. Pásítọ̀ Juliana ò sún tiẹ̀. Ó ní àìsàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ní kí èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì wá là á yé ìjọ. Mo dúró níwájú wọn, mo ní kì í ràn nípa bíbọ ara ẹni lọ́wọ́, tàbí jíjẹun pọ̀, tàbí dídì mọ́ra ẹni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ sílẹ̀ láti máa lọ bẹ Dayọ̀ wò. Mo ní, "Ẹ fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún mi ná. Ọmọ ilẹ̀ wa ni. Èmi ni n ó máa gbé oúnjẹ Olúwa lọ fún un." Ẹ wo ẹnu mi!

Ọlábímtán ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrùka sí mi lọ́wọ́ nígbà náà. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló bi mí pé, "Dorothy, wọ́n ní one Dayọ̀ ní church yín ní éèdì. Ṣé kì í ṣe Dayọ̀ tó o bá gbé nìyẹn?" Mo ní, "Rárá o, òun kọ́." Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ẹnu ayé ti ń bà mí, pé bí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ bá dé ọ̀dọ̀ Dayọ̀, yóò gbọ́ pé mo bá a gbé rí, ọ̀rọ̀ náà á sì dé etí Ọlábímtán. Kì í ṣe ẹ̀rù àìsàn. Ká ní aláìmọ̀kan ni mí, ẹ̀ṣẹ̀ mi ì bá fúyẹ́ díẹ̀.

Mo lọ lẹ́ẹ̀kan péré. Dayọ̀ ṣílẹ̀kùn, ó ti rù, ó la apá láti dì mọ́ mi. Mo na àpò búrẹ́dì àti wáìnì sí i láti òkèèrè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ah-ah, Dorothy! You're the nurse o. Wọlé jàre." Mo ní mo ń lọ ṣe shift nílé ìwòsàn. Mi ò débẹ̀ mọ́. Lóṣooṣù, mo máa ń gba àpò náà lọ́wọ́ pásítọ̀, màá da wáìnì sílẹ̀ lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, màá ju káàdì tí àwọn ará ìjọ kọ sí i sínú garawa ìdọ̀tí. Bí pásítọ̀ bá bi mí, màá ní, "Dayọ̀ ní kí n kí yín. Ojú ń tì í, ó ní kí ẹnikẹ́ni má wá, kí ẹ má sì pe òun." Bí Dayọ̀ bá pè mí tó béèrè wọn, màá ní, "Wọ́n ṣe meeting. They're scared. Ní sùúrù ná." Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọmọ ni wọ́n rán èmi, mo fi ṣe iṣẹ́ ọ̀tá.

Èyí tó burú jù rè é. Lọ́jọ́ Tuesday kan, Dayọ̀ pè mí. Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa mọ́. Ó ní, "Dorothy, bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí ẹnì kan wá gbàdúrà fún mi. Just one person. Tó bá fẹ́, kó dúró síta." Mo ní, "Mo ti bẹ̀ wọ́n, Dayọ̀. Wọn ò gbà." Ó ní, "Okay. O ṣé." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ọjọ́ Friday ni onílé rẹ̀ bá òkú rẹ̀ lórí àga.

Kàfáyàtù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé London, wá sin ín. Dayọ̀ ti kọ lẹ́tà sí i pé ìjọ ti kọ òun sílẹ̀, pé Dorothy nìkan ló kù fún òun. Nígbà tí Pásítọ̀ Juliana na ọwọ́ sí i lẹ́bàá sàréè, Kàfáyàtù kọ̀ ọ́, ó ní ẹranko ò jẹ́ ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún àbúrò òun. Pásítọ̀ bú sẹ́kún. Ó yíjú sí mi pé kí n ṣàlàyé pé Dayọ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn má wá. Mo dojú kọlẹ̀. Kàfáyàtù tó jù mí lọ wá kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, ó dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ń pè mí ní ẹnì kan ṣoṣo tí kò sá fún Dayọ̀. Mo gba ọpẹ́ náà.

Ọlábímtán ti di ọkọ mi. Ó gbọ́ èyí lánàá, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Pásítọ̀ gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí. Ìbéèrè kan ló bi mí: "Ǹjẹ́ ó mọ̀ kó tó kú pé a fẹ́ràn òun?" Mo ní kò mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ̀rù ẹnu ayé bá ń bà yín, ẹ sọ ọ́ síta, kí ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀gbọ́n Kàfáyàtù, mo kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ tán. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ ṣeun. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò ní bi yín léèrè. Ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí ìjọ mọ́. Wọ́n fẹ́ wá. Èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n wá.